Kámẹ́rà Ilé Awo: Ẹ Ti Orí Bátìrì àti Káàdì Bẹ̀rẹ̀

   

Láti ìgbà tí ìwé wa ti ìkẹyìn ti jáde, ilé mẹ́ta ló ti bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Bàbá, kámẹ́rà wo ni ká rà de ọdún Ifá?" Wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo ń tọ́jú fọ́tò ẹgbẹ́ wa. Ìbéèrè náà bọ́ sákòókò, torí oṣù kẹfà ò ní pẹ́ dé, tí ẹsẹ̀ yóò pé sí Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí ìlú kọ̀ọ̀kan náà yóò sì máa ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ohun kan. Gbogbo wọn ló ń dárúkọ kámẹ́rà, tí wọ́n ń ka iye megapixel rẹ̀ fún mi. Kò sí ẹni tó béèrè bátìrì. Kò sí ẹni tó béèrè káàdì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbi tí gbogbo wa á ti jọ rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ju fọ́tò ọdún lọ. Àwọn àgbà wa ń lọ. Ní agboolé kan tí mo mọ̀, ìyá kan wà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun nìkan ló kù tó mọ oríkì ilé náà délẹ̀, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe ohun tó dáa. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ìyá sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí méjì. Nígbà tí wọ́n gbé káàdì lọ sídìí kọ̀ǹpútà, apá àkọ́kọ́ nìkan ló ṣeé wò. Èyí tó kù, orúkọ fáìlì lásán ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n kọ 64GB sára káàdì náà, ṣùgbọ́n gbàrọgùdù ni. Ohun tó lè gbà gan-an kò tó nǹkan. Kí wọ́n tó rójú padà lọ jókòó ti ìyá, ìyá ti papò dà.

Kámẹ́rà yẹn ò ní àléébù kankan, owó ńlá ni wọ́n fi rà á. Káàdì tí owó rẹ̀ ò tó owó adìẹ kan ló ba iṣẹ́ jẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn tó bi mí pé kí wọ́n má ti orí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́ á kọ́kọ́ mọ ohun tí yóò máa jẹ àti ibi tí yóò máa sùn. Bátìrì ni oúnjẹ kámẹ́rà, káàdì sì ni ibùsùn ohun tó bá yà. Bí owó bá wà nílẹ̀, ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin, kí ẹ yọ ìdá kan sọ́tọ̀ fún bátìrì, ṣájà, káàdì àti ibi tí ẹ ó kó fọ́tò pamọ́ sí. Mẹ́ta tó kù ni kí ẹ fi wá kámẹ́rà.

Bátìrì

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kámẹ́rà kan ń lo bátìrì AA, ìyẹn èyí tó ń wọ aago ara ògiri. Àwọn yòókù ń lo bátìrì lithium pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún irú kámẹ́rà yẹn nìkan. Àwọn tó ń lo AA ò pọ̀ mọ́ nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà nínú tòkunbọ̀.

Bí tiyín bá jẹ́ AA, ẹ má fi bátìrì tí a ń lò tí a ń jù nù ṣe ọdún. Kámẹ́rà ń fa agbára gan-an, pàápàá bí fláàṣì bá ń ṣiṣẹ́, bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í sì bá a dé ọ̀nà jíjìn. Èyí tó ṣeé ṣájì ni kí ẹ rà, tí wọ́n kọ Ni-MH sí lára. Ẹ ó rí 1.2V lára rẹ̀ dípò 1.5V. Kíyẹn má dẹ́rù bà yín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. Ẹ wá wo iye mAh rẹ̀: láti 1,900 sí 2,500 dáa. Bí ẹ bá rí AA Ni-MH tí wọ́n kọ 5,000 sí lára, irọ́ ni, kò sí èyí tó gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó kan àwa tí ọdún wa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ni-MH ti àtijọ́, bí ẹ ṣájì í lónìí tí ẹ gbé e sínú àpótí, agbára rẹ̀ á máa dín kù fúnra rẹ̀. Bó bá fi máa di oṣù díẹ̀, ó ti lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní 2005 ilé iṣẹ́ Sanyo ní Jàpáánì gbé Eneloop jáde, tí kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Panasonic ló ni ín báyìí, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà sì ń ṣe irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó wá lára páálí ni "pre-charged", "ready to use" tàbí "low self-discharge". Irú èyí ni ẹ lè ṣájì lọ́jọ́ tí iná bá wà. Bí iná bá wá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ọdún tó dé, ọkàn yín á balẹ̀.

Bí kámẹ́rà yín bá ń gba mẹ́rin, ẹ ra mẹ́jọ. Ẹ kọ "A" sára mẹ́rin, "B" sára mẹ́rin, kí àwọn tó jọ wọlé jọ máa jáde. Bátìrì tuntun àti ògbólógbòó ò gbọdọ̀ jọ ṣiṣẹ́, torí èyí tó ti rẹ̀ lè jo omi sínú kámẹ́rà. Ṣájà tó ń wo bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló dáa. Ẹ má sì ki bátìrì tí kì í ṣe ti ṣíṣájì bọ inú ṣájà láéláé, ó lè bú.

Bó bá jẹ́ pẹlẹbẹ ni, ẹ ra méjì lọ́jọ́ tí ẹ ra kámẹ́rà gan-an. Bó bá ti di ọdún mélòó kan, irú rẹ̀ lè wọ́n lọ́jà. Bí ẹ ò bá ní lò ó fún oṣù púpọ̀, ẹ má gbé e sílẹ̀ nígbà tó ti tán pátápátá. Ẹ ṣájì í dé bí ìdajì, kí ẹ gbé e síbi tó tutù. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú oòrùn. Èyí tó bá ti wú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ má lò ó mọ́, ẹ má sì jù ú síná.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fi kámẹ́rà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sídìí ṣájà kí ẹ tó kì í bọ ara ògiri. Bí ẹ bá rí 100-240V, kò séwu. Bó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ, iná tiwa á jó o lọ́wọ́ kan.

Káàdì

Káàdì SD ló wọ́pọ̀ jù, ìpele mẹ́ta ló sì wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ SD lásán sí ò kọjá 2GB. SDHC gba ju ìyẹn lọ títí dé 32GB. SDXC ló gba ju 32GB lọ. Kámẹ́rà tuntun ń ka ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kámẹ́rà àtijọ́ kì í ka tuntun. Ọdún 2006 ni SDHC jáde, nítorí náà tòkunbọ̀ tó bá ti ṣáájú ìgbà yẹn lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ sì ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ tó ń lo káàdì xD. Wọn ò ṣe é mọ́, ẹ ó kàn máa wá a kiri ni.

Nọ́ńbà tó wà nínú C kékeré lára káàdì ń sọ bó ṣe yára tó. 10 túmọ̀ sí pé ó ń kọ 10MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó kéré tán, ìyẹn sì tó fún fọ́tò àti fídíò tí àwa ń yà. Káàdì 32GB kan á gba fọ́tò tó ju 6,000 lọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 5MB. Káàdì 32GB méjì wù mí ju ẹyọ 128GB kan lọ. Bí ọ̀kan bá kú láàárọ̀, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ṣì wà.

Gbàrọgùdù wá ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ẹni tó lè fún yín ní rìsíìtì ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì sá fún èyí tí owó rẹ̀ kéré ju tẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ojú ò tó láti fi mọ̀ ọ́n, ẹ dán an wò. Ètò kan wà fún kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ H2testw, ọ̀fẹ́ ni. Á kọ nǹkan kún inú káàdì dẹ́nu, á sì kà á padà bóyá ó pé. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà, ẹ kọjú kámẹ́rà sí ògiri, kí ẹ máa ya fídíò títí káàdì á fi kún. Kí ẹ wá wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣí, ẹ fi kámẹ́rà náà gan-an ṣe "format" káàdì, ó di iṣẹ́. Ṣé ẹ rí i, ohun tí kò gbà ju ọjọ́ kan lọ nìyẹn, òun ni ì bá sì gba ọ̀rọ̀ ìyá yẹn là.

Ẹ má yọ káàdì nígbà tí iná pupa bá ń ṣẹ́jú. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì pa fọ́tò rẹ́, ẹ má ya òmíràn sí i rárá. Ẹ yọ káàdì, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. PhotoRec, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, sábà máa ń rí i padà bí wọn ò bá tíì kọ nǹkan mìíràn lé e lórí.

Kámẹ́rà fúnra rẹ̀

Níbí ni megapixel ti wọlé. Megapixel kan jẹ́ ojúàmì mílíọ̀nù kan. Fọ́tò ìwọ̀n 6 sí 4 tí a ń fi há ìwé fọ́tò ò nílò ju bíi megapixel 2 lọ kó tó dán. Èyí tí a ń fi férémù sí, 10 sí 8, kò ju bíi 7 lọ. Nítorí náà bí kámẹ́rà bá ti ní 10 tàbí 12, ó tó. Kí ẹ wá wo bó ṣe ń ya nínú ilé tí iná ò pọ̀, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ iṣẹ́ wa wà. Ẹ yà á wò nínú ṣọ́ọ̀bù láìlo fláàṣì. Bí wọ́n bá kọ "optical zoom", gíláàsì ló ń fa nǹkan sún mọ́ yín. "Digital zoom" kàn ń fẹ fọ́tò lójú ni, kò fi nǹkan kan kún un. Bó bá jẹ́ ohùn àgbà lẹ fẹ́ gbà, ẹ wá èyí tó ní ihò tí ẹ lè ki máíkì bọ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Fóònù mi ńkọ́, Bàbá?" Fóònù dáa, ẹni tí kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó lò ó. Ṣùgbọ́n fóònù jẹ́ ti ẹnì kan. Ọjọ́ tí olè bá jí i, fọ́tò agboolé bá a lọ. Ìpè á sì tún máa wọlé nígbà tí Olúwo bá ń súre lọ́wọ́.

Kámẹ́rà yòówù kó jẹ́, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé e sókè. Ohun tó jẹ́ ti igbódù, inú igbódù ni kó máa wà. Ohun tí wọ́n bá ṣe ní gbangba, tí Olúwo sì fọwọ́ sí, òun ni ká yà.

Ibi tí fọ́tò ń gbé

Káàdì kì í ṣe ilé, ojú ọ̀nà ni. Fọ́tò ò tíì di tiyín àfi tó bá wà níbi méjì. Lálẹ́ ọjọ́ ọdún gan-an, ẹ kó o sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún kó o sínú hard disk kan tí yóò máa gbé ní ilé mìíràn, ìlú mìíràn bó bá ṣeé ṣe. Ọmọ tó wà lókè òkun náà lè ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó pa ti inú káàdì rẹ́.

Ẹ wo Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu, tó ń jẹ́ Fátúmbí. Kámẹ́rà Rolleiflex tó ń lo fíìmù ló fi ya àwọn olórìṣà nílẹ̀ wa àti ní Bàhíà. Ó papò dà ní Salvador ní 1996, ṣùgbọ́n ojú fíìmù tó lé ní 60,000 ṣì wà ní ilé ìpamọ́ tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1988. Fíìmù tí a tọ́jú ṣeé gbé sójú iná lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, kí èèyàn rí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Káàdì ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó bá kú, kò sí ohun tí ojú lè rí lára rẹ̀. Àwa tí a ń lo káàdì ló yẹ ká tọ́jú nǹkan ju tiwọn lọ.

Ẹ tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí ìwé pẹ̀lú, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò tí kò lórúkọ, ìran tó ń bọ̀ ò ní mọ̀ bóyá bàbá àwọn ni àbí àlejò.

Ẹ má dúró de oṣù kẹfà. Bí àgbà kan bá wà nílé yín tí òun nìkan mọ ohun tó mọ̀, ẹ dán káàdì wò lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ ṣájì bátìrì, kí ẹ lọ jókòó tì í.

Ifá á gbè wá o. Àbọyè bọ ṣíṣẹ.