FÍÚSÌ KÌ Í ṢE Ọ̀ṢỌ́ INÚ MỌ́TÒ



Ọ̀rọ̀ ámpílífáyà àti sípíkà inú mọ́tò ni a gbé dé lóṣù yìí. Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú orin. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Awakọ̀ tó jí ní aago mẹ́rin, tó ń fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ọ̀ṣòdì dé Ìyànà-Ìpájà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ orin díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní ń san owó rẹ̀? Òun náà ni. Ọjọ́ tí wáyà bá sì gbiná, ta ni ọlọ́kọ̀ ń nàka sí? Òun náà ni. Ọ̀rọ̀ tí owó òṣìṣẹ́ àti ẹ̀mí òṣìṣẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni.

Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ ríwáyà ni, pé òṣìṣẹ́ lásán kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. A kò gbà. Ẹni tó ń tú gíábọ́ọ̀sì palẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe lóru, ta ló ní kò lè fi wáyà oríṣi márùn-ún sí àyè wọn? Márùn-ún náà rèé: èyí tó gbé iná wá láti orí bátìrì, èyí tó lọ sí ara irin ọkọ̀, èyí tín-ínrín tí rédíò fi ń jí ámpílífáyà, èyí tó gbé ohùn wá láti inú rédíò, àti èyí tó lọ sí sípíkà. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ di awo, owó ni wọ́n ń fi í wá.

Ṣùgbọ́n a kò ní torí pé a bá wọn jà kí a wá fi iṣẹ́ náà ṣeré. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ tú orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì kúrò. Òun náà ni kí ẹ dá padà kẹ́yìn. Bí sípánà bá ṣèèṣì kan irin nígbà náà, kò ní ta iná.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti irọ́ ojú páálí. Wọ́n á kọ 1000 wáàtì gàdàgbà sára páálí, òṣìṣẹ́ á kó owó oṣù rẹ̀ lé e. Ẹ yí ámpílífáyà náà sẹ́yìn, kí ẹ wo fíúsì ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ áḿpíà 25, ẹ fi 14 lọ́nà 25, torí bíi fóòtì 14 ni bátìrì máa ń wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó rí 350. Gbogbo iná tí ẹ̀rọ náà lè fà títí lọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru á sì tún jẹ nínú rẹ̀. Irú ti àtijọ́ ń sọ bí ìdajì di ooru. Kèrègbè tí kò gbà ju omi ago kan lọ, báwo ni yóò ṣe da ago mẹ́ta jáde?

Irọ́ kejì wà lára wáyà. Ẹlòmíràn ń ta alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú bíi bàbà gidi. Ẹ fi abẹ ha á. Bí inú rẹ̀ bá funfun, kò lè gbé iná tó bàbà tó nípọn bákan náà. Ẹ sì rántí pé nọ́ńbà tó kéré ni wáyà tó nípọn: nọ́ńbà 4 sanra ju nọ́ńbà 8 lọ. Wáyà tó lọ sí ara irin gbọdọ̀ sanra tó ti bátìrì. Kí ó kúrú, kí ẹ sì fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi hàn kedere. Orí ọ̀dà kì í gbé iná dáadáa.

Ibi tí ẹ̀mí wà rèé. Fíúsì ẹ̀gbẹ́ bátìrì kò gbọdọ̀ jìnnà sí orí bátìrì ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ìyẹn bí íńṣì 18. Àwọn kan á ní, “Ṣebí fíúsì wà lára ámpílífáyà?” Ìyẹn ń ṣọ́ ámpílífáyà ni. Ta ní ń ṣọ́ wáyà gígùn tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò? Bí etí irin bá gé ara wáyà náà, bátìrì á da iná rẹpẹtẹ sínú rẹ̀, wáyà á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, a ó sì rántí pé epo wà nínú ọkọ̀. Fíúsì tí agbára rẹ̀ kò ju ti wáyà lọ ni yóò gé e. Ẹ fi rọ́bà sí ojú ihò tí wáyà gbà wọlé láti ibi ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá sì fi bébà inú páálí sìgá tàbí fọ́nrán wáyà dípò fíúsì tó jó, iná ló ń dáná sílẹ̀ dè.

Ti etí náà ńkọ́? Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n sí i: ariwo dẹ́síbẹ̀lì 85, wákàtí 8 lójúmọ́. Bí ó bá fi 3 lé, wákàtí a dín sí ìdajì. Ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Àwọn ará wa nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ mọ ohun tí à ń wí. A ń bá àwọn ọ̀gá jà nítorí ariwo wọn. Ṣé a ó wá fi owó ara wa ra irú ariwo bẹ́ẹ̀? Awakọ̀ tí kò gbọ́ fèrè tírélà, tí kò gbọ́ “Ó wà o!” lẹ́nu èrò, ó ń wa ewu.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkínní, kí ẹ̀ka wa ra mítà ìwọniná kan àti ẹ̀mú ìtẹwáyà kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa yá lò. Èkejì, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà láàárín wa máa kọ́ àwọn tó kù ní Sátidé kan lóṣù, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀kẹta, ọlọ́kọ̀ tó bá fẹ́ orin nínú ọkọ̀ rẹ̀ kí èrò lè wọ̀ ọ́, kí ó san owó wáyà gidi àti fíúsì gidi, kí ó má yọ ọ́ lára owó awakọ̀.

Ìmọ̀ tí òṣìṣẹ́ fi pamọ́ fún òṣìṣẹ́, ọ̀gá ló ń jèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ara wa.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!