Èèyàn kì í ṣe "lásán"

1/ Sátidé kan báyìí, ní Máfolúkù, a jókòó yí tábìlì ká, a fẹ́ ta D&D. Àbúrò mi, ọmọ ọdún 13, bá wa jókòó fúngbà àkọ́kọ́. Ó ní òun fẹ́ jẹ́ èèyàn, ọmọ ìyá aláta kan tó mọ gbogbo ọjà. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹnì kan ti já a gbà: "Má mú èèyàn o, èèyàn lásán nìyẹn. Mú elf." Bàálù kọjá lórí òrùlé, a dákẹ́ dè é. Nígbà tó fi máa lọ tán, àbúrò mi ti di elf.

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Lásán kẹ̀?

2/ Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n: eré ìtàn ni D&D. Ẹnì kan, ìyẹn DM, ló ń darí ìtàn. Àwa yòókù la jẹ́ akọni inú ẹ̀. Dáìsì ló ń sọ bóyá ohun tá a dáwọ́ lé máa yọrí. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, wàá mú irú ẹ̀dá tó o fẹ́ jẹ́. Ibẹ̀ ni ìjà mi wà.

3/ Ẹ wo ìwé òfin ọdún 2014. Elf ń ríran nínú òkùnkùn, idán ò lè mú un sùn. Májèlé ò tètè ran dwarf. Èèyàn ńkọ́? Wọ́n fi 1 kún nǹkan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n fi ń wọn akọni, ó parí. Ọ̀nà kejì wà tí wàá fi gba feat kan, òun làwọn tó mọ ìṣirò ṣe ń mú èèyàn. Àmọ́ feat ni wọ́n wá, wọn ò wá èèyàn.

4/ Ìwé yẹn náà to ìran èèyàn mẹ́sàn-án: Calishite, Shou, Turami àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ ìrísí wọn, ó sọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Tó bá wá kan òfin eré, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N ò ní kí wọ́n fún Yorùbá ní +2 ọgbọ́n. Ìyẹn tiẹ̀ burú ju èyí lọ. Ìwé ọdún 2024 ti pa "race" tì, "species" ló ń lò báyìí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ àti àwọ̀ nìkan kọ́ ló ń sọni di èèyàn.

5/ Ẹnì kan á ní: "Wọ́n fi í sílẹ̀ lófìfo kí ẹnikẹ́ni lè rí ara ẹ̀ níbẹ̀ ni."

Irọ́. Òfìfo yẹn ti wọ aṣọ ẹlòmíì tipẹ́. DM ò tíì sọ nǹkan kan tí gbogbo wa ti ń rí abúlé inú yìnyín àti ààfin olókùúta. Àwa ọmọ Máfolúkù o! Ta ló rí agbo ilé? Ta ló rí kọ́ńdọ́ tó ń pariwo "Òṣòdì-Òkè"? Tí wọ́n bá ní èèyàn kan ò ní àṣà, àṣà ẹni tó kọ̀wé ló ní.

6/ Fágúnwà ti ṣe é lọ́dún 1938, nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Iwin àti ẹbọra kún inú igbó yẹn, síbẹ̀ ta ló máa pe Àkàrà-oògùn ní lásán? Nígbà tí ọba rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ. Ìmọ̀dòye gbé ọgbọ́n wá, Ọlọ́hùn-iyọ̀ gbé ohùn wá. Kò sẹ́ni tó ní díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀.

7/ Ifá náà sọ ọ́. Afùwàpẹ́ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì ń lọ yan orí nílé Àjàlá. Ojú lásán ò lè mọ èyí tó dáa. Afùwàpẹ́ yà lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, wọ́n bá a rúbọ, òun ló mú orí rere. Èèyàn nìyẹn: o yan ohun tó ò rídìí ẹ̀, àwọn èèyàn ẹ sì wà lẹ́yìn ẹ.

8/ Òfin tèmi rèé.

Orí: DM á kọ orí mẹ́fà sínú ìwé, á ká wọn. Mú ọ̀kan, má wò ó. Ẹ̀bùn kan àti èèwọ̀ kan ló wà níbẹ̀. Inú ìtàn ni wàá ti mọ̀ wọ́n.

Èèyàn laṣọ mi: kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tó lè dìde fún ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìjókòó kọ̀ọ̀kan, o lè pe ọ̀kan. Àmọ́ gbèsè ni. Tóun náà bá pè ẹ́ tó ò lọ, pa orúkọ ẹ̀ rẹ́.

9/ "Ó ti le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ." Ṣé ẹ dá a lójú? Sátidé tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi padà di ọmọ ìyá aláta. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ ká wọ ìlú. Àwa ti ń fa idà yọ. Ó ní òun pe ìyá òun. Ọ̀dọ̀ màmá yẹn làwọn ìyàwó ẹ̀ṣọ́ ti ń ra ata àwìn! A wọlé láìjà. Ilẹ̀ mọ́, màmá ránṣẹ́ pé kó wá bá òun gbé àpò ata. Ó fi ìṣúra sílẹ̀, ó lọ.

10/ Ẹ dán an wò. Tẹ́ ẹ bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún sọ fún ọmọ kankan níwájú mi pé èèyàn lásán ni.