Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Èsì fún Àwọn tí ń Dá Gíà Ìjàpá Lẹ́jọ́ Ikú

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí Volkswagen ẹlẹ́yìn rògòdò, Ìjàpá àwọn baba wa, ọkọ̀ tó gbé ìyàwó lọ ilé ọkọ tó sì gbé ọmọ tuntun bọ̀ wálé, ṣì wà ní àgbàlá yín, ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa tí kò yẹ kí a dákẹ́ sí. Wọ́n ní bí ọ̀pá gíà ọkọ̀ àtijọ́ bá ti ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, tí kò mọ ojú gíà kejì yàtọ̀ sí ojú rìfáàsì mọ́, gíà bọ́ọ̀sì ti kú nìyẹn, àfi kí a gbé e sọnù, kí a sì lọ ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. Ẹ̀yìn ni Ferdinand Porsche, tó ṣe é ní Jámánì ní àwọn ọdún 1930, fi ẹ́ńjìnì àti gíà bọ́ọ̀sì sí, nígbà tí awakọ̀ jókòó síwájú. Nítorí náà, ọ̀pá irin gígùn kan, tó gba inú ihò àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, ló ń jíṣẹ́ ọwọ́ wa fún gíà bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀ṣì kékeré kan ló gbé ọ̀pá yìí ró níwájú, ìsopọ̀ kan ló sì dè é mọ́ gíà bọ́ọ̀sì lẹ́yìn. Bí ọdún bá gorí ọdún, bọ́ọ̀ṣì á jẹ, ìsopọ̀ á dẹ̀, ọ̀pá á sì máa jó nínú ihò: ìránṣẹ́ ló ṣìnà, ẹni tí a rán an sí kò ṣẹ̀ wá.

Ẹ gbé àga ẹ̀yìn, ẹ ṣí ìdérí tó wà lórí ihò náà, ẹ ó fojú yín rí ìsopọ̀ ọ̀hún. Ẹ wo abẹ́ ọ̀pá gíà pẹ̀lú: irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí awakọ̀ ṣèèṣì kó sí rìfáàsì, bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, gíà kejì lè di àwátì, bẹ́ẹ̀ eyín kan kò kán nínú gíà bọ́ọ̀sì. Kílọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Wáyà ló ń fà á, nọ́ọ̀tì elétí méjì ló sì ń mú wáyà náà le tàbí dẹ̀; bí ó bá dẹ̀ jù, gíà kò ní wọlé dáadáa, a ó sì tún di ẹ̀bi ru gíà bọ́ọ̀sì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Àwọn kan á ní ìṣe àràmàǹdà ọkọ̀ yìí fi hàn pé kò pé látilẹ̀. Wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ sípéà táyà ló ń ti omi sí gíláàsì iwájú nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀; bí omi bá kọ̀ tí kò jáde, wọn a fa rọ́bà rẹ̀ tu. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ ná! Fáàfù kan ló ń sé afẹ́fẹ́ náà nígbà tí ó bá lọ sílẹ̀, kí táyà má baà rọ̀ tán. Bí ti gíà náà ló rí: kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tú u.

N kò sọ pé gíà bọ́ọ̀sì kì í kú. Bí a bá bá ẹ̀rún irin nínú ọ́ìlì rẹ̀, ó ti ń kú lọ. Ṣùgbọ́n ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó, ọdún 2003 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Mẹ́síkò, lẹ́yìn tí iye rẹ̀ ti ju mílíọ̀nù 21 lọ. Èyí tí a bá fi àìyẹ̀wò pa lónìí, kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò ṣe àrọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀ lórí gíà bọ́ọ̀sì títí mẹkáníìkì yóò fi tú ọ̀pá gíà níwájú, tí yóò gbé àga ẹ̀yìn, tí yóò sì fi bọ́ọ̀ṣì àti ìsopọ̀ náà hàn án lójúkojú.