Akoto Ọ̀gá Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ yà síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé l'Ékòó láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀gá ń pariwo kí àwọn lébìrà dé akoto. Orí tiẹ̀ ṣófo, sálúbàtà ló sì wọ̀. Ta ni yóò gbọ́? Àmọ́ nígbà tí Paul O'Neill di ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ Alcoa ní Amẹ́ríkà ní 1987, ààbò òṣìṣẹ́ ló fi ṣáájú èrè. Ó fún wọn ní nọ́ńbà fóònù ilé rẹ̀, kí wọ́n pe òun bí máníjà bá kọtí ikún. Ìpalára dín kù, èrè sì gòkè. Nílé wa, òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà 1 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF, tí wọ́n ti ń san owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ó dáa, àmọ́ owó gbà-máà-bínú kì í mú kí ọwọ́ tí ẹ̀rọ gé hù padà. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó; lébìrà tó ń gun àkàbà ló sì ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti sán. Bó bá sọ ọ́, tí ẹ pè é ní ọ̀lẹ, lọ́la yóò dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ dé akoto yín, kí ẹ sì tẹ́tí sí ọmọ iṣẹ́.