Ẹni tí Aṣọ Oyè Tọ́ sí

Bí ọdún Ìgogo bá dé nílùú Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, fìlà a kúrò lórí ọkùnrin, gèlè a sì kúrò lórí obìnrin. Ìlù a dákẹ́. Agogo nìkan ní í máa dún, lára agogo náà sì ni ọdún ọ̀hún ti gba orúkọ. Ìbọn kò gbọdọ̀ dún rárá. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ayẹyẹ náà fi ń lọ, olówó àti tálákà ni òfin orí ṣíṣí náà sì dè. Ohun tó yẹ kí ènìyàn kíyè sí jù níbẹ̀ ni pé Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ kò sí lẹ́yìn òfin. Ọba ni yóò dirun bí obìnrin, tí yóò wọ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ bí ayaba, tí yóò sì jó yí ìlú ká ní ìrántí Ọ̀rọ̀ńsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Àwọn tó bá ń ráhùn pé òfin aṣọ ń ni wọ́n lára, kí wọ́n lọ wo kábíyèsí lọ́jọ́ náà.

Ìtàn tí ìlú ń sọ ni pé Ọ̀rọ̀ńsẹ̀n ní èèwọ̀ mẹ́ta. Wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá tó bá wà, wọn kò sì gbọdọ̀ ju ìdì igi mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Obìnrin náà bínú lọ, gbogbo ẹ̀bẹ̀ kò sì mú un padà wálé mọ́. Àwọn ohun tí wọ́n wú jáde ní Igbó Laja lábẹ́ ìdarí ọ̀mọ̀wé Ekpo Eyo láàárín ọdún 1969 sí 1971 sì fi hàn pé láti nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ ti ń fi amọ̀ mọ ère ènìyàn tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ ẹ̀yẹ. Ilẹ̀ tó ti ń fi ojú aṣọ mọ ipò ènìyàn tipẹ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó kọ́ ọ ní ohun tí aṣọ ń sọ.

Yorùbá ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òwe yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ aṣọ, oyè àti ìṣàkóso àwọn ọmọ kádẹ́ẹ̀tì ojú omi tọ́ sí ojú ìwé àṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjèjì ni kádẹ́ẹ̀tì. Ní Ìmẹ̀rí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ tó bá Ọ̀wọ̀ pààlà, ni Iléeṣẹ́ Ológun Ojú Omi Nàìjíríà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan sí. Òkun jìnnà síbẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ rí ìgbì òkun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó yóò rìn títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Odò Ọ̀sẹ́ ni wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ náà lórúkọ. Síbẹ̀ ọmọ tó bá fi aṣọ atukọ̀ bọ́ sí ìta ní agbègbè yẹn, ojú gbogbo ayé ni yóò yí sí i. Inú ìyá rẹ̀ yóò dùn. Àwọn ọmọ àdúgbò yóò máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ohun tó dára ni. Láti ìgbà tí Bọ́ìsì Bìrígéèdì ti wọ Èkó ní ọdún 1908, tí Sikáòtù sì tẹ̀lé e ní 1915, ni àwọn òbí ilẹ̀ yìí ti mọ̀ pé ọmọ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò, tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ran bọ́tìnnì tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í sábàá di ìpáǹle.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni pé aṣọ náà jọ ti ológun. Ìlú tó bá sì gbà kí ọmọdé wọ aṣọ tó jọ ti ológun, òfin tó yí aṣọ náà ká gbọdọ̀ lágbára ju ti Sikáòtù lọ.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ètò náà mọ èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú Whitstable ni wọ́n máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀, ní 1856, lẹ́yìn ogun Crimea. 1942 ni ẹgbẹ́ náà gba orúkọ Sea Cadet Corps tó ń jẹ́ títí di òní. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1958 ni ẹgbẹ́ Navy League dá tiwọn sílẹ̀, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn sì fi òfin gbé e ró ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án, 1962. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀, àwọn tó kéré sí wọn sì ní ẹ̀ka tiwọn láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Aṣọ ológun ojú omi gan-an ni wọ́n ń wọ̀, ṣùgbọ́n àmì kan gbọ́dọ̀ wà ní èjìká tí yóò sọ fún ẹni tó bá rí wọn pé kádẹ́ẹ̀tì nìyí, kì í ṣe ológun. Kò sí ọmọ tó lè gun àkàsọ̀ ipò láìkọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ìkọ́ṣẹ́ àwọn àkọ́bẹ̀rẹ̀. Rẹ́bọ́ọ̀nù àyà ní ìwé tó ń ṣàlàyé ohun tí ènìyàn ṣe kó tó gbà á. Bí ọmọ bá sì dàgbà kúrò níbẹ̀, kò sí gbèsè iṣẹ́ ológun lọ́rùn rẹ̀. Nàìjíríà náà, tí agbo ológun ojú omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1956, ti kọ ọ́ sínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 pé wọn kò gbọdọ̀ gba ọmọdé sí iṣẹ́ ológun. Nítorí náà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ọmọ Ìmẹ̀rí. Aṣọ ni ó wọ̀. Kò tíì wọṣẹ́ ológun.

Ṣùgbọ́n kò sí ìdí fún ará Ọ̀wọ̀ láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Whitstable. Aṣọ kan wà tí wọ́n ń pè ní orúfanran, tí ó jẹ́ ti Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè ńlá. Aṣọ pupa ni, tí wọ́n gé lẹ́sẹẹsẹ kí ó lè dà bí ìpẹ́ ara akíka, wọ́n sì fi eyín erin tí wọ́n gbẹ́ dáradára tò ó káàkiri. Idà ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní udamalọrẹ náà wà, tí ìjòyè máa ń fi sí ìbàdí, tí wọ́n fi eyín erin tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. Irú wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun lónìí, àwọn tó ń wò wọ́n níbẹ̀ sì ń yin ọwọ́ agbẹ́gilére. Ìyìn náà tọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ agbẹ́gilére kọ́ ló jẹ́ kí wọ́n níyì nílé. Ohun tó fún wọn níyì ni pé gbogbo ìlú mọ orúkọ ẹni tó lè wọ̀ wọ́n, wọ́n mọ ayẹyẹ tí wọ́n fi ń wọ̀ wọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá dán an wò yóò rí ìjà ìlú. Ọmọ olówó lè ra eyín erin. Kò lè ra udamalọrẹ, nítorí ìlú ni kò ní dá a mọ̀ sí i lára. Ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín in, ẹ̀rín ìlú sì le ju owó ìtanràn lọ.

Òótọ́ ni pé oyè ń náni lówó ní Ọ̀wọ̀, ó sì ti ń náni lówó tipẹ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ ìtàn àtijọ́ bí ẹni pé áńgẹ́lì ni gbogbo àgbà ìgbà náà. Ṣùgbọ́n owó ìwúyè yàtọ̀ sí oyè rírà. Ìdílé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, wọ́n ń wo ìwà, àwọn ìjòyè mìíràn sì wà níbẹ̀ tí wọn yóò jẹ́rìí.

Ìlànà yìí ni ó kù díẹ̀ káàtó nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláṣọ tó ń kó ọ̀dọ́ jọ káàkiri ilẹ̀ wa. Iléeṣẹ́ Ológun Ojú Omi ti kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nípa àwọn tó ń wọ aṣọ tó jọ tiwọn, tí wọ́n ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n sì ń ṣèlérí iṣẹ́ tí kò sí. Òfin ìwà ọ̀daràn pẹ̀lú fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá wọ aṣọ ológun láìjẹ́ ológun kí wọ́n lè gbà pé ológun ni. Síbẹ̀ télọ̀ ń rán an. Ilé ìtajà ń ta báàjì, wọ́n ń ta ìlà apá, wọ́n ń ta ìràwọ̀ èjìká, ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ ni wọ́n sì ń tà á fún.

Ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, ọdún 2020, ni àwọn oníbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Adégòkè Adéùsì, ní Ẹlẹ́gbẹ́ka, nígbà tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, 2022, ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn oníbọn ya wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ènìyàn tí wọ́n sì pa kò dín ní 40. Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020 wà lójú ọ̀nà báyìí pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ológun wà níbẹ̀, ọdẹ ìbílẹ̀ sì wà nínú igbó. Awakọ̀ tó bá rí aláṣọ ológun ní ojú ọ̀nà Ìfọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ní láti pinnu ní ìṣẹ́jú àáyá bóyá kí òun dúró ni tàbí kí òun sá. Ẹni tó bá fi aṣọ rú u lójú lè ṣe ikú pa á. Ọmọdé tó wọ aṣọ tó jọ ti ológun láìsí àmì tó yà á sọ́tọ̀ sì lè rí ìbọn tí kò mọ̀dí rẹ̀. Nítorí náà, àmì èjìká tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi dandan lé, ẹ̀mí ọmọ ni ó ń dáàbò bò. Ó yẹ kí ó tóbi, kí ó ṣeé kà láti òkèèrè, kí ọmọ má sì wọ aṣọ náà jáde àyàfi nígbà ìtò, nígbà ẹ̀kọ́, tàbí nígbà tó bá ń lọ tàbí tó ń bọ̀ pẹ̀lú àgbà tó jẹ́ olùdarí rẹ̀. Aṣọ yìí kò yẹ fún ọjà, kò yẹ fún ọjọ́ ìbí, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ fún ọ̀kadà alẹ́.

Ọ̀rọ̀ àmì-ẹ̀yẹ dà bí ohun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, àmọ́ òun ló ń ba ọmọ jẹ́ láti inú. Ká sọ pé ọmọ méjì wà ní ìlà kan náà. Èkíní ti kọ́ ìwẹ̀ títí ó fi là odò já, ó ti kọ́ oríṣiríṣi kókó okùn, ó ti pa àkókò mọ́ fún ọdún méjì gbáko. Ó gba rẹ́bọ́ọ̀nù kan. Ìkejì kò ṣe èyíkéyìí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló ra tẹ́ǹtì fún ẹgbẹ́ náà, òun sì gba mẹ́ta. Àwọn ọmọ yòókù ń wò. Ohun tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà, kò sí olùkọ́ tó lè kọ́ wọn ní òdìkejì rẹ̀ mọ́. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó ra tẹ́ǹtì, kí ó kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí bàbá. Kí ó má lẹ ọpẹ́ náà mọ́ àyà ọmọ. Àwọn olùdarí kan tún wà tó jẹ́ pé àmì àyà tiwọn pọ̀ ju ti ọ̀gágun lọ, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ogun tí wọ́n jà. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni òfin yẹ kó kọ́kọ́ mú, gẹ́gẹ́ bí òfin Ìgogo ti ń kọ́kọ́ mú ọba.

Ìṣàkóso ló kù, òun ló sì nira jù nítorí pé kò lẹ́wà lójú. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ìwé àkọsílẹ̀. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìwé orúkọ àwọn ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n wọlé, ohun tí wọ́n kọ́, ẹni tó dán wọn wò, àti àmì tí wọ́n gbà, kò yàtọ̀ sí agbo ijó. Iye tí òbí ń san gbọ́dọ̀ wà lára ògiri níbi tí gbogbo ojú ti lè kà á, rìsíìtì sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé owó. Ọmọbìnrin pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Kò yẹ kí olùdarí ọkùnrin kan ṣoṣo kó wọn lọ sí àgọ́ kankan, ìyá tó bá sì béèrè ẹni tó ń bá wọn lọ kò ṣe àṣejù. Àgbà tó bá fẹ́ darí ọmọ ọlọ́mọ, kí ìlú mọ ilé rẹ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ìjọ tàbí mọ́sálásí kan dúró fún un. Òbí tí wọ́n bá sì sọ fún pé ẹgbẹ́ kan wà lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ológun Ojú Omi, kí ó gbéra lọ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀.

Ọ̀wọ̀ ní ayẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní Èrò, tí àwọn ọkùnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sin ìlú nínú ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn fi ń bọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú aṣọ àti ijó, kí gbogbo ìlú lè mọ̀ pé ẹrù ti kúrò lórí lágbájá. Ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì kì í sábàá rántí irú rẹ̀. Ọmọ a parí ìwé mẹ́wàá, a lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Èkó, aṣọ a wà nínú àpótí, àbúrò a gbé e wọ̀, ọ̀rẹ́ àbúrò a yá a, lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, níwájú òbí àti ọba ìlú, kí ọmọ tó ti parí dá àmì èjìká àti báàjì fìlà padà sọ́wọ́ ẹni tó fún un, kí wọ́n ka ohun tó ṣe sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì fi rẹ́bọ́ọ̀nù tó jìyà fún lé e lọ́wọ́ kó máa gbé e lọ sílé.