Argungu: Ẹ jẹ́ kí ọ̀gbẹ̀rì wọ odò, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́

Wákàtí kan péré ni gbogbo rẹ̀. Bí ìbọn bá ti dún lẹ́bàá odò Matan Fada nílùú Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin á sáré gìrìgìrì wọ inú omi, àwọ̀n lọ́wọ́, akèrègbè ńlá lábẹ́ àyà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi á ti rú, á ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Kí wákàtí náà tó pé, ẹnì kan ṣoṣo á ti di ọlọ́rọ̀.

Ẹnì kan yẹn ni gbogbo ayé máa ń rí lórí fóònù. Nígbà tí ọdún ẹja pípa náà padà wáyé ní 2020, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọn kò ṣe é, ẹja tó borí wọn kìlò 78. Ẹni tó pa á gba mílíọ̀nù 10 náírà, wọ́n sì fún un ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní 2005, ẹja kìlò 75 ló gba ipò kìíní, ọkùnrin mẹ́rin ló sì pawọ́ pọ̀ gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Irú ìròyìn báyìí ló ń mú kí télọ̀ kan ní Ìbàdàn, tàbí ọlọ́kadà kan ní Kano, tí kò fọwọ́ kan àwọ̀n rí láyé rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: báwo lèèyàn ṣe ń forúkọ sílẹ̀?

Ìbéèrè tó dára ni. Àwọn kan á ní kí wọ́n dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà lójú ọ̀nà, pé iṣẹ́ àwọn apẹja ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn apẹja. Ọ̀rọ̀ wọn kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní kí gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti dé wọ omi náà kò tọ̀nà ju wọ́n lọ.

Ìdí tí ilẹ̀kùn fi gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀

Kì í ṣe torí ẹja ni wọ́n ṣe dá ọdún Argungu sílẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí àwọn ológun Sókótó ń ṣẹ́gun ìlú lọ́tùn-ún lósì, Argungu ni àwọn ará Kebbi sá di, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ̀, tí wọn kò tẹrí ba. Ìjà náà pẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Ní 1934, Sultan Hassan Dan Mu'azu láti Sókótó wá kí àwọn ará Argungu nílé wọn. Ìlú náà kò mọ ohun mìíràn tó lè fi ṣe àlejò irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ: wọ́n kó apẹja wọ odò níwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọdún ọ̀hún ti di ti gbogbo ayé.

Nítorí náà, àlejò ni ìpìlẹ̀ ọdún yìí. Àwọn apẹja ń ti orílẹ̀-èdè Niger wá, wọ́n ń ti ìpínlẹ̀ tó jìnnà wá. Nígbà tí UNESCO fi í sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé ní 2016, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé ó ń mú kí àlàáfíà wà láàárín Argungu àti Sókótó tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Bí wọ́n bá wá ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ odò àfi ọmọ apẹja, ọmọ ọmọ apẹja, wọ́n ti ba ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Ìdí mìíràn tún wà. Ẹ̀mí àwọn ọ̀dọ́ kò sí nídìí iṣẹ́ ẹja mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ tó dàgbà sínú ọkọ̀ baba rẹ̀ lè wà ní Èkó lónìí kó máa ta fóònù. Ẹni tó wá láti ìta, tó ná owó ara rẹ̀ láti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń di àwọ̀n mú, ẹni tó yẹ kí wọ́n fà mọ́ra ni.

Odò kò mọ ọ̀gbẹ̀rì

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Ẹni tó bá rò pé ìdíje Argungu dà bí eré ìje orí títì, níbi tí ẹni tí kò bá lè sá mọ́ ti lè jókòó sẹ́bàá ọ̀nà kó mu omi, ń tan ara rẹ̀ jẹ. Nínú odò, kò sí ibi tí èèyàn ti ń jókòó.

Òfin ìdíje náà kò fàyè gba ẹ̀rọ kankan. Kò sí ìwọ̀ ìgbàlódé, kò sí ọkọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn. Ohun tí baba ńlá wọn fi pẹja náà ni wọ́n ń lò: àwọ̀n kékeré tí wọ́n so mọ́ igi, tí apẹja ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣí, tó sì ń pa dé bí ẹja bá ti kàn án, àti akèrègbè. Akèrègbè yìí, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Òun ló ń gbé apẹja léfòó, òun náà sì ni àpò tó ń kó ẹja sí. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ lo àwọ̀n, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mú ẹja, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé àwọn gbójú.

Àwọn onílù á wà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á máa lù ú kíkankíkan, àwọn mìíràn á máa mi akèrègbè tí wọ́n kó èso sí nínú, kí ìró rẹ̀ lè lé ẹja wá sí ibi tí omi kò ti jìn. Ariwo yìí ni ọ̀gbẹ̀rì máa kọ́kọ́ pàdé. Lẹ́yìn náà ni ìgúnpá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igi àwọ̀n ẹni tó wà níwájú, àti ẹsẹ̀ ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹja ńlá bọ́ sí i lọ́wọ́, wàhálà tuntun dé. Ẹja tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin omi, kì í ṣe ohun tó ń wọ ẹnu akèrègbè. Ẹja tó tó àgbàlagbà èèyàn ní ìwọ̀n, tó ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀, ni èèyàn fẹ́ fà jáde láàárín èrò nínú omi tó rú. Àwọn apẹja ìdílé gan-an kì í dá a ṣe, wọ́n máa ń ké pe ara wọn ni.

Àwọn Yorùbá kúkú ti sọ pé a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Mílíọ̀nù 10 náírà ló ń mú kí èèyàn gbàgbé.

Ohun tó yẹ kí ìjọba Kebbi àti ààfin Argungu fi ṣe òfin kò le. Kí ẹnikẹ́ni tó gba ìwé ìdíje, kó kọ́kọ́ wọ omi ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, níbi tí omi kò ti ru gùdù, kó lúwẹ̀ẹ́ lọ, kó lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, pẹ̀lú akèrègbè àti láìsí i. Kó fi hàn pé bí akèrègbè òun bá fọ́, òun lè dé etídò. Àwọn tó yẹ kó ṣe ìdánwò náà kò jìnnà: oyè Homa, tó jẹ́ olórí àwọn apẹja Argungu, ti wà láti ayébáyé. Ẹni tí àwọn ọmọ Homa bá ní kó padà sílé, kó padà. Kí gómìnà má pè wọ́n, kí sẹ́nétọ̀ má kọ lẹ́tà.

Kí àwọn òmùwẹ̀ tí kò bá wọn díje sì wà káàkiri ojú odò, tí aṣọ wọn yàtọ̀ kedere, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wo orí tó bá rì tí kò jáde. Èyí kò pé kó náni tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lára èyí tí wọ́n ń fi ta ni lọ́rẹ.

Ohun kan tún wà tí wọ́n lè kọ́ lára àwọn ará Amẹ́ríkà, bí ẹja pípa tiwọn tilẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nínú àwọn ìdíje ẹja níbẹ̀, ọ̀gbẹ̀rì lè san owó wọlé kó sì wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ọ̀gá. Ọ̀gá á wà níwájú, ọ̀gbẹ̀rì á wà lẹ́yìn, oníkálukú á sì ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Ní Argungu, kò sí ọkọ̀ tí èèyàn méjì máa jọ wọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè so ọ̀gbẹ̀rì kan mọ́ apẹja àgbà kan, kí àwọn méjèèjì jọ wọ odò, kí wọ́n sì jọ pín ohun tí wọ́n bá rí. Ìdílé tó ń kọ́ ọmọ wọn níṣẹ́ ẹja kì í ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó kan ṣoṣo fún ẹja kan ṣoṣo

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà gba àròjinlẹ̀. Nígbà tí gbogbo owó bá wà lórí ẹja tó tóbi jù lọ, ìdíje á di tẹ́tẹ́. Apẹja àgbà mọ̀ pé oríire wà nínú rẹ̀, ó sì ti ní iṣẹ́ tó ń padà sí. Ọ̀gbẹ̀rì ńkọ́? Ó ti yá owó ọkọ̀, ó ti ra akèrègbè, ó ti sùn mọ́jú lórí ẹní ní ìta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ jáde nínú omi nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, torí ojú ẹni tó yá a lówó ló ń rí. Bí wọ́n bá pín owó náà sí ẹja 20 tàbí 30 tó tóbi jù, tí wọ́n sì fi díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó wá fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn á balẹ̀.

Owó ńlá tún máa ń mú ojúkòkòrò wá. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, wọ́n la ẹja àwọn méjì kan tó fẹ́ gba ipò kìíní, wọ́n sì bá òjé nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ rán wọn lẹ́wọ̀n fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kò sí òṣùwọ̀n tó kọjá irú ẹ̀ yìí níbikíbi tí owó bá wà, nítorí náà kí àwọn tó ń wọn ẹja ní Argungu máa la inú èyí tó bá borí lójú gbogbo èèyàn.

Ọ̀nà àti omi

Àwọn ohun méjì ṣì wà tí ọ̀gbẹ̀rì kò lè fúnra rẹ̀ ṣe. Ọ̀kan ni ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ààbò wà lára ohun tó dá ọdún náà dúró láti 2010 di 2020, àwọn jàǹdùkú sì ṣì ń jí èèyàn gbé ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Láti Sókótó dé Argungu kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ kó fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu lórí títì torí wákàtí kan nínú odò. Ìjọba tó bá pe èèyàn wá síbi ọdún, òun ló ni ojúṣe láti jẹ́ kí wọ́n dé ilé padà.

Èkejì ni odò fúnra rẹ̀. Ẹja kìlò 78 kì í hù láàárín oṣù mẹ́ta. Ó wà nínú Matan Fada nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹja níbẹ̀ títí ọjọ́ ọdún á fi pé, ìdílé Sarkin Ruwa ló sì ń tọ́jú omi náà. Èyí ni iṣẹ́ tí kò sí fọ́nrán rẹ̀ lórí fóònù ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n Sarkin Ruwa kọ́ ló ń pinnu iye omi tó ń ṣàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ìsédò Bakolori parí sórí odò Sókótó ní 1978, omi tó ń bo ilẹ̀ fadama nísàlẹ̀ lásìkò òjò dín kù, àwọn àgbẹ̀ àti apẹja sì jìyà rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2010, ibi tí omi ti ń jáde lára ìsédò Goronyo já, omi sì gba ilé àti oko lọ ní Sókótó àti Kebbi. Ìgbà tí omi kò tó àti ìgbà tí omi pọ̀ jù, ibì kan náà ni àṣẹ ti ń wá, kì í sì í ṣe Argungu.

Àwọn tó ń ṣàkóso àwọn ìsédò wọ̀nyí gbọ́dọ̀ máa jókòó pẹ̀lú ààfin Argungu kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n fẹnu kò lórí iye omi tí wọ́n máa tú sílẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n máa tú u. Kí ìjọba Kebbi sì yọ owó sọ́tọ̀ fún ìdílé Sarkin Ruwa àti àwọn tó ń bá wọn ṣọ́ odò, láti oṣù kẹta ọdún kan dé oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Kí wọ́n yọ ọ́ lára owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi orúkọ wọn sára pátákó etídò, kí wọ́n sì san án kí wọ́n tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́.