Ìfun àti Ọ̀pá Ẹ̀yìn Bára Wọn Tan

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ìyá alágbo tó máa ń gba iwájú ilé wa kọjá ti ń polówó: "Jẹ̀díjẹ̀dí ń bẹ, ọ̀pá ẹ̀yìn ń bẹ, ibà ń bẹ o!" Ìgò kan náà ló máa ń bù fún ẹni tí ìbàdí ń dùn àti ẹni tó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ni mo máa ń fi rín. Mo máa ń bi í pé, "Ìyá, ta ló ń júwe ọ̀nà fún àgbo yín tó bá dé inú?" N kò bi í mọ́. Kì í ṣe pé mo ti ń mu àgbo náà o. Mo kàn wá mọ̀ pé òótọ́ kan wà nínú ìpolówó yẹn: àìsàn ìfun lè bá ti ọ̀pá ẹ̀yìn tan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló jẹ́ kí n mọ̀. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í jí i lóru. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀yìn ò ṣeé tẹ̀, ẹsẹ̀ ò ṣeé gbé. Ìbọ̀sẹ̀ méjì, ogún ìṣẹ́jú. Tó bá wá rìn dé ibi tó ti ń wọ bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn á ti dẹ̀. Ọjọ́ tó bá sùn sílé sinmi gan-an ló máa ń burú jù. Ọdún mẹ́ta ló fi ń ṣàlàyé ẹ̀yìn fún dókítà, kò sì fìgbà kan sọ pé òun ń rí ikun àti ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ojú ń tì í. Ìyá rẹ̀ nìkan ló sọ ọ́ fún lórí fóònù, ìyẹn sì ti dá ẹjọ́ láti Ìbàdàn: jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó yé mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Kì í ṣe làkúrègbé tó ń bá àwọn àgbà jà ní orúnkún ló mú un. Ankylosing spondylitis ni, ọ̀dọ́ ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí wọ́n tó pé ọdún 45. Oríkèé tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti pàdé egungun ìdí ló máa ń kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà á máa gòkè. Lára àwọn mìíràn, egungun á lẹ̀ mọ́ egungun títí ẹ̀yìn ò fi ní ṣeé tẹ̀ mọ́. Àwọn dókítà tó bá rí i nínú fọ́tò X-ray máa ń fi wé ọparun.

Nínú 100 ẹni tó ní in, bíi 5 sí 10 ni wọ́n máa ń bá àìsàn ìfun lára wọn, yálà Crohn tàbí ulcerative colitis. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, àwọn dókítà kan ní ìlú Ghent, ní orílẹ̀-èdè Belgium, ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìdí wọ inú ìfun àwọn tí irú làkúrègbé yìí ń yọ lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ wọn ò ráhùn inú rárá. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gé bíńtín lára ìfun wọn, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, ti bí ìdajì wọn ti ń wú lábẹ́lẹ̀.

Ìfun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ ara wa ń gbé, torí ibẹ̀ ni kòkòrò pọ̀ sí jù. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń fura sí ni pé bí ògiri ìfun bá ń jò, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí á gbaná jẹ, wọ́n á bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé oríkèé, wọ́n á sì máa bá ìjà lọ níbẹ̀. TNF, ọ̀kan lára èròjà tí wọ́n fi ń pe ara wọn sójú ìjà, ibi méjèèjì ni wọ́n ti bá a.

Ibi tí ọ̀rọ̀ oògùn ti wọ̀ ọ́ nìyí. Infliximab àti adalimumab ń dí TNF lọ́wọ́, wọ́n sì wúlò fún ẹ̀yìn àti ìfun. Etanercept náà ń dí i lọ́wọ́, àmọ́ kò ṣe nǹkan kan fún ìfun. Secukinumab dára fún ẹ̀yìn, ó sì lè dá kún àìsàn ìfun. Ibuprofen àti diclofenac tí à ń rà ní kẹ́míìsì bí ẹní ń ra gúgúrú ńkọ́? Irú wọn ni oògùn àkọ́kọ́ fún ẹ̀yìn yìí, ó sì lè ru ìfun sókè. Ibuprofen yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé mì lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá fi inú pamọ́ fún dókítà ẹ̀yìn, ó ní kó máa yan oògùn nínú òkùnkùn ni.

N ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Àìsàn yìí ò wọ́pọ̀ láàárín wa. Àbùdá tó ń jẹ́ HLA-B27, tí wọ́n so mọ́ ọn ní Lọ́ńdọ̀nù àti Los Angeles lọ́dún 1973, ṣọ̀wọ́n púpọ̀ lára àwa Yorùbá. Ẹrù tí a ń gbé àti ìjókòó nínú dáńfó ló ń fa ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn dídùn tiwa. Àmọ́ ohun tí kò wọ́pọ̀, ta ló ń wá a? Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò B27 fún ẹlòmíràn, wọn ò ní rí i, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀, nínú irú èyí tó ń bá àìsàn ìfun rìn, wọn kì í sábà rí B27 tó bí wọ́n ṣe ń rí i lára àwọn tó kù.

Ní tèmi, àwọn baba wa tó so inú pọ̀ mọ́ ìdí nínú ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí lójú inú. Ṣúgà tí a wá di gbogbo ẹ̀bi lé lórí ni n ò fara mọ́, torí ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ lè jẹ́ àìsàn ìfun, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ, àgbo ò sì lè sọ èyí tó jẹ́.

Bí ẹ ò bá tíì pé 45, tí ẹ̀yìn sì ti ń dùn yín ju oṣù mẹ́ta lọ, tó ń le lówùúrọ̀, tí ìrìn ń dẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ìgbẹ́ yín ṣe rí fún dókítà kó tó béèrè. Ẹ̀yin tí inú ń yọ lẹ́nu, ẹ sọ bí ẹ̀yìn ṣe ń jí yín. Àìsàn yìí lè kan ojú náà: bí ojú kan bá ń pọ́n, tó ń dùn, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ àdéhùn: ẹ lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ yẹn gan-an.